Ọjọ́ tí "Ọjà kajú" di "j-kaj"

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló pè mí láàárọ̀ ọjọ́ náà, mi ò tíì fọ ẹnu. Òwò kajú ló ń ṣe. Á rà á lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ abúlé tó yí Ògbómọ̀ṣọ́ ká, á sá a sóòrùn, á dì í sínú àpò, á tà á fún àwọn tó ń kó o lọ sí Èkó. Mo ti ṣèlérí fún un pé màá kọ nǹkan nípa bí èèyàn ṣe ń mọ kajú tó gbẹ dénú yàtọ̀ sí èyí tí wọ́n kàn fi oòrùn pa lójú, kí àwọn ọmọ tó ń bá a rajà lè máa kà á lórí fóònù. Mo kọ ọ́ lóru, mo gbé e jáde, mo fi líǹkì rẹ̀ ránṣẹ́ sí i, mo sùn.

"Ìwọ ọmọ yìí, ṣé o fẹ́ fi dátà mi ṣòfò ni? Mo ṣí i, àkọlé nìkan ni mo rí. Mo tún un ṣí, bákan náà ni."

"Ẹ má bínú, mà. Ó dà bíi pé nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ni."

Irọ́ ni mo pa fún un. Nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ò mọwọ́, kò mẹsẹ̀.

Ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé kékeré ni mo ní ní Under G, níbi tí àwọn ọmọ LAUTECH ti máa ń wá tẹ project wọn. Láptọ́ọ̀pù tí mo fi ń ṣe iṣẹ́ ara mi ti darúgbó: RAM rẹ̀ ò ju GB 2 lọ, bátìrì rẹ̀ ti kú, bí iná bá ti lọ, òun náà lọ nìyẹn. Bí mo bá fi bùráwúsà kọ̀wé lórí rẹ̀, mo lè lọ ra ẹ̀wà àti búrẹ́dì ní ìsàlẹ̀ àdúgbò kí n padà wá bá a níbi tó ṣì ń yí òòyì. Ọmọ yunifásítì kan tó háyà yàrá nílé wa ló fi irinṣẹ́ kan hàn mí, script bash kan ṣoṣo (ìyẹn fáìlì tó kún fún àṣẹ tí kọ̀ǹpútà ń tẹ̀ lé) fún kíkọ búlọ́ọ̀gì, tí ẹni tó kọ ọ́ fi sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ ó tẹ àṣẹ kan ní tẹ́míná, ìyẹn fèrèsé tí èèyàn ti ń fi ọ̀rọ̀ pàṣẹ fún kọ̀ǹpútà, á ṣí ẹ́dítọ̀ tí ẹ ó fi kọ̀wé fún yín, ẹ ó kọ ọ̀rọ̀ yín, ẹ ó pa ẹ́dítọ̀ dé, á sọ ohun tí ẹ kọ di ojúewé, á sì tún ojúewé àkọ́kọ́ tò. Kò sí database. Kò sí password tí ẹ ó gbàgbé. Ìgbà tí mo bá fẹ́ gbé ojúewé náà lọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì nìkan ni mo máa ń tan dátà.

Ẹ́dítọ̀ wo ló máa ṣí? Ọwọ́ yín nìyẹn wà. Irinṣẹ́ náà á wo ohun tí ẹ bá kọ síwájú EDITOR nínú `.bashrc`, fáìlì ìṣètò tí tẹ́míná máa ń kà bó bá ń ṣí, orúkọ tó bá bá níbẹ̀ lá pè. Àṣà Unix látijọ́ ni, ìyẹn ètò kọ̀ǹpútà tí Linux tẹ̀ lé. Nígbà tí àwọn èèyàn ṣì ń fi ẹ̀rọ tó ń tẹ̀wé sórí bébà bá kọ̀ǹpútà sọ̀rọ̀, ẹ́dítọ̀ bíi ed ni wọ́n ń lò, tó jẹ́ pé ìlà kọ̀ọ̀kan lèèyàn ń pè jáde tún ṣe. Bill Joy kọ vi ní 1976, èyí tó gba gbogbo ojú ẹ̀rọ, ó wá di pé orúkọ méjì ló wà, EDITOR fún ti ìlà kọ̀ọ̀kan, VISUAL fún ti ojú gbogbo. Lóde òní, ẹ́dítọ̀ kan náà lọ̀pọ̀ èèyàn máa ń kọ sí méjèèjì, àmọ́ àwọn irinṣẹ́ kan ṣì ń wo VISUAL kí wọ́n tó wo EDITOR, git, irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń tọ́jú ìtàn fáìlì, sì wà lára wọn. Mo fi odidi ìrọ̀lẹ́ kan wá ìdí tí git fi ń ṣí nano fún mi nígbà tí mo ti kọ EDITOR=vim (ẹ́dítọ̀ ni méjèèjì). Ẹnì kan ti kọ VISUAL=nano sínú `.bashrc` mi ní nǹkan bí ọdún kan sẹ́yìn. Èmi náà ni ẹni ọ̀hún.

Ní ti ojúewé òfìfo tó bí ẹ̀gbọ́n mi nínú, gvim ni mo kọ síwájú EDITOR nígbà yẹn, ìyẹn Vim tó ní fèrèsé tirẹ̀. Ohun tí mi ò mọ̀ ni pé bí ẹ bá pe gvim láti tẹ́míná, á ṣí fèrèsé rẹ̀, á sì dá tẹ́míná padà fún yín lójú ẹsẹ̀. Èyí dáa bí ẹ bá fẹ́ máa ṣe nǹkan mìíràn lọ. Àmọ́ irinṣẹ́ búlọ́ọ̀gì náà ń retí kí ẹ́dítọ̀ parí. Bó ṣe rí i pé tẹ́míná ti padà, ó gbà pé mo ti kọ ọ́ tán, ló bá kó àwòṣe òfìfo tó wà nínú fáìlì náà, ó sọ ọ́ di ojúewé, ó wá ń bi mí lẹ́yìn fèrèsé pé ṣé kí òun gbé e jáde. Èmi ń kọ̀wé lọ ní tèmi. Nígbà tí mo parí, mo pa gvim dé, mo bá ìbéèrè náà níbẹ̀, mo dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni. Irinṣẹ́ ti ro àmàlà tán kí n tó da èlùbọ́ sómi.

Oògùn rẹ̀ ò ju lẹ́tà kan àti àmì kan lọ:

`export EDITOR="gvim -f"`

`-f` yẹn ló ń sọ fún gvim pé kó dúró síwájú, kó má ṣe sá wọ ẹ̀yìn. Àwọn ẹ́dítọ̀ onífèrèsé mìíràn ní tiwọn. Ti VS Code ni `--wait`. Bí ẹ ò bá rí nǹkan tó ń sọ fún ẹ́dítọ̀ yín pé kó dúró, ẹ má fi ṣe EDITOR. Nígbà tó yá, mo fi gvim sílẹ̀, mo ń lo Vim inú tẹ́míná gan-an, nítorí pé láptọ́ọ̀pù mi ò tiẹ̀ fẹ́ fèrèsé púpọ̀ lórí.

(Bí ẹ bá ṣí Vim láìdárúkọ fáìlì, ẹ lè rí ìlà kan tó ní kí ẹ ran àwọn ọmọ tálákà ní Uganda lọ́wọ́. Ọmọ ilẹ̀ Netherlands ni Bram Moolenaar tó kọ Vim, ó gbé e jáde ní 1991, kò gba kọ́bọ̀ lórí rẹ̀. Ó ní kí ẹni tó bá fẹ́ dúpẹ́ dáwó fún àwọn ọmọ aláìníyàá ní Kibaale. Ó kú ní oṣù kẹjọ 2023. Oníbàárà mi kan rí ìlà yẹn lójú ẹ̀rọ mi, ó ní òun ò mọ̀ pé mo ti dá ẹgbẹ́ aláàánú sílẹ̀.)

Lẹ́yìn ìyẹn, ojúkòkòrò wọ̀ mí. Mo ti mọ bash díẹ̀, mo bá ṣí inú irinṣẹ́ náà. Mo yí ọ̀rọ̀ inú àwòṣe rẹ̀ sí Yorùbá, mo kọ ọ́ sínú rẹ̀ pé kó gbé kọ́sọ̀, àmì tó ń fi ibi tí èèyàn ń kọ̀wé hàn, sí ìlà tí ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀, mo tún ibi tó ń sọ àkọlé di orúkọ fáìlì kọ, mo ń ṣe bí ọ̀gá. Oṣù méjì ni mo fi ń ṣe é díẹ̀díẹ̀. Lọ́jọ́ kan, ọmọ yunifásítì wa wọlé, ó ń rẹ́rìn-ín:

"Ẹ̀gbọ́n, ẹni tó ni irinṣẹ́ yẹn ti gbé tuntun jáde. Mo ti bá yín fi rọ́pò ti àtijọ́ o, ẹ má ṣèyọnu."

Mo ní, "O ṣeun." Kí ni kí n tún sọ? Inú rere ló fi ṣe é. Gbogbo iṣẹ́ oṣù méjì ti bá ti àtijọ́ lọ, mi ò sì tọ́jú ẹ̀dà kankan.

Ibẹ̀ ni mo ti fi ọgbọ́n kọ́gbọ́n. Irinṣẹ́ náà kì í ṣe tèmi. Ẹni tó ni ín lè yí i padà nígbàkigbà. Vim náà kì í ṣe tèmi. Ibì kan ṣoṣo tó jẹ́ tèmi ni àárín àwọn méjèèjì, níbi tí ọ̀kan ti ń fa fáìlì lé èkejì lọ́wọ́. Mo bá yan alárinà fún wọn. Mo kọ script kékeré kan, mo pè é ní `kowe`, mo fi sínú `~/bin`, mo wá kọ ọ́ síwájú EDITOR pé `kowe` ni ẹ́dítọ̀ mi. Irinṣẹ́ búlọ́ọ̀gì ò mọ̀ pé Vim wà láyé. Vim náà ò mọ̀ pé ẹnikẹ́ni ń kọ búlọ́ọ̀gì. Gbogbo rẹ̀ nìyí:

```
#!/bin/sh
vim -c 'set keymap=yoruba' +3 "$1" || exit 1
uconv -x any-nfc "$1" > "$1.tuntun" && mv "$1.tuntun" "$1"
```

Ìlà mẹ́ta, ìlà àkọ́kọ́ ò sì tiẹ̀ ṣe nǹkan kan ju pé ó sọ ẹni tó máa ka ìyókù. `+3` ló ń gbé kọ́sọ̀ lọ sí ìlà kẹta, nítorí pé ìlà kìíní ni irinṣẹ́ náà fi àkọlé sí. `|| exit 1` ni mo fẹ́ràn jù. Bí mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í kọ nǹkan tí mo wá rí i pé kò yẹ kí ayé gbọ́, mo máa ń tẹ `:cq` nínú Vim. Ìyàtọ̀ àárín rẹ̀ àti `:q!`, tó kàn ń jáde láìfi nǹkan pamọ́, ni pé Vim á jáde, á sì sọ fún ẹni tó pè é pé nǹkan ò lọ déédéé. Alárinà mi á gbọ́, á fi tó irinṣẹ́ létí, irinṣẹ́ á pa ojú rẹ̀ dé. Ìwé tí mo fi ìbínú kọ sí landlord mi tí ẹ ò rí kà, `:cq` ni ẹ ó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

`set keymap=yoruba` gba àlàyé díẹ̀. Vim máa ń gba fáìlì kékeré tí ẹ ti lè sọ fún un pé bí mo bá tẹ báyìí, báyìí ni kí o kọ. Inú `~/.vim/keymap/` ni mo kọ tèmi sí. Èyí tí mo kọ́kọ́ ṣe ni pé kí `e` pẹ̀lú àmì ìdánudúró (`.`) di ẹ, `o` pẹ̀lú àmì ìdánudúró di ọ. Ó dùn mọ́ mi, àfi ìgbà tí mo kọ gbólóhùn àkọ́kọ́ tán. Mo fẹ́ kọ "Mo ti dé", mo sì fi àmì ìdánudúró sí ìparí rẹ̀ kí n tó fi àmì ohùn sí i. "Mo ti dẹ" ló jáde. Gbólóhùn Yorùbá mélòó ni kò parí sí fáwẹ̀lì? Mo yí i padà, mo fi àmì dídádúró díẹ̀ onítòótó síwájú lẹ́tà, ìyẹn `;e`, `;o`, `;s`. Lẹ́yìn àmì yẹn, àlàfo ló máa ń tẹ̀ lé e nínú ìwé, kì í ṣe lẹ́tà, nítorí náà wọn ò ní forí gbárí. Àmì ohùn ìsàlẹ̀ wà lórí `[`, tòkè wà lórí `]`:

```
loadkeymap
;e  ẹ
;o  ọ
;s  ṣ
[   <char-0x0300>
]   <char-0x0301>
```

Àwọn lẹ́tà ńlá náà wà nínú rẹ̀, mo kàn fò wọ́n níhìn-ín ni. Bí mo bá fẹ́ kọ líǹkì ní Markdown, ọ̀nà fífi àmì lásán ṣètò ìwé, tó ń lo àmì `[` yẹn gan-an, mo máa ń tẹ Ctrl àti ^ pọ̀ kí keymap náà kọ́kọ́ lọ sinmi, màá sì tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan sí i kó padà. Mo mọ̀ pé ẹlòmíràn á ní kí ló dé tí mi ò fi kọ́ kíbọ́ọ̀dù Yorùbá gbogbo ẹ̀rọ. Ẹ jẹ́ kó lọ kọ́ ọ. Ọwọ́ mi ti mọ́ tèmi.

Ohun kan tún wà nínú Vim tí mo rò pé Yorùbá ni wọ́n ṣe é fún: `set delcombine`. Bí kò bá sí i, tí ẹ bá kọ ọ́ tí ẹ sì fẹ́ sọ ọ́ di ọ̀, ẹ ó pa odidi lẹ́tà náà rẹ́ kí ẹ tó tún un kọ. Bó bá wà nínú `.vimrc`, fáìlì ìṣètò Vim, àmì orí rẹ̀ nìkan ni `x` máa mú lọ, lẹ́tà á wà níbẹ̀. Ẹni tó bá ti máa ń ṣi ohùn òkè fún tìsàlẹ̀ lóru mọ ohun tí mò ń wí.

Ó ku uconv. Òun ló kan àkọlé ọ̀rọ̀ yìí.

Nígbà tí mo tún ọ̀rọ̀ kajú ẹ̀gbọ́n mi gbé jáde, tó sì ní ọ̀rọ̀ nínú lọ́tẹ̀ yìí, ó tún pè.

"Mo ti kà á, ó dáa. Ṣùgbọ́n kí ló ń jẹ́ j-kaj?"

"J kí ni, mà?"

"Ohun tó wà nínú líǹkì yẹn. J-kaj-ti. Àwọn ará ọjà ń bi mí, wọ́n ní ṣé òyìnbó ni."

"Ọjà kajú ti ṣí" ni àkọlé tí mo fún un. Irinṣẹ́ náà ń fi àkọlé ṣe orúkọ fáìlì: á sọ gbogbo rẹ̀ di lẹ́tà kékeré, á fi dáàṣì sí àlàfo, á wá fún `tr`, àṣẹ kékeré tó ń pààrọ̀ tàbí gé lẹ́tà, láti yọ ohunkóhun tí kì í ṣe a dé z àti nọ́ńbà kúrò. Báìtì kọ̀ọ̀kan, ìyẹn ègé kékeré tí kọ̀ǹpútà fi ń tọ́jú lẹ́tà, ni `tr` tó wà lórí Linux mi ń wò, kò mọ lẹ́tà tó ju báìtì kan lọ. Ọ jẹ́ báìtì mẹ́ta, ó gé e dànù. À jẹ́ méjì, ó gé e dànù. Ṣ bá a lọ, í bá a lọ. Ohun tó ṣẹ́ kù ni `j-kaj-ti-.html`.

Ìyẹn ò tiẹ̀ tíì burú. Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà, mo ṣí ìwé náà láti fi ìmọ̀ràn kan kún un, mo tún àkọlé rẹ̀ tẹ̀ nínú Vim torí pé mo ti pa á rẹ́ ní àṣìṣe. Àkọlé kan náà, lẹ́tà sí lẹ́tà. Irinṣẹ́ gbé ojúewé tuntun jáde tó ń jẹ́ `ja-kaju-ti-i.html`, ti àkọ́kọ́ sì wà níbẹ̀. Mo wo méjèèjì títí, ojú mi ò rí ìyàtọ̀ kankan nínú àkọlé wọn.

Vim ló là mí lójú. Ẹ gbé kọ́sọ̀ sórí lẹ́tà kan, ẹ tẹ `g8`, á sọ báìtì tó wà nínú rẹ̀ fún yín. Mo gbé e sórí à inú "Ọjà" àkọ́kọ́, èyí tí mo tẹ̀ lórí fóònù tí mo wá dà sórí láptọ́ọ̀pù: `c3 a0`. Mo gbé e sórí à inú èkejì, tí mo fi keymap mi tẹ̀: `61 + cc 80`. Ti fóònù jẹ́ odindi kan, tèmi jẹ́ a lásán tí àmì ohùn gùn lẹ́yìn. Ojú ò lè mọ̀ wọ́n yàtọ̀. Unicode, ìlànà tó fún lẹ́tà gbogbo èdè ní nọ́ńbà lórí kọ̀ǹpútà, gba méjèèjì, kò sí èyí tó ṣàṣìṣe. Àmọ́ `tr` gé ti fóònù lódindi, ó gé àmì orí tèmi nìkan, ó fi a sílẹ̀. Ìdí nìyẹn náà tí mo fi máa ń wá ọ̀rọ̀ nínú ìwé ara mi tí Vim á ní òun ò rí i, tí mo sì ń wò ó lójú kòrókòró.

Ti èdè tiwa tún le díẹ̀ sí i, nítorí pé à àti á ní odindi tiwọn nínú Unicode, ẹ, ọ àti ṣ náà ní, ṣùgbọ́n ẹ́ àti ọ̀ ò ní. Kíbọ́ọ̀dù tó wù kí ẹ lò, ọ tó bá ti ru àmì ohùn, ó kéré tán méjì ni. Kò sí bí ẹ ṣe fẹ́ sá fún àmì tó ń gun lẹ́tà lẹ́yìn.

Iṣẹ́ uconv nìyẹn. Inú àkójọ icu-devtools ló wà lórí Ubuntu. `any-nfc` ń so gbogbo ohun tó bá ṣeé so pọ̀ di odindi, `any-nfd` ń tú gbogbo rẹ̀ palẹ̀. Alárinà mi ń so ohun tí mo bá kọ pọ̀ kó tó fi lé irinṣẹ́ lọ́wọ́, kí gbogbo ìwé mi lè jẹ́ oríṣi kan náà. Ní ti orúkọ fáìlì, mo ti múra àtitún inú irinṣẹ́ ṣí, nígbà tí mo wá ka fáìlì ìṣètò rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ (ẹ má rẹ́rìn-ín). Ìlà kan wà níbẹ̀, òfìfo, tí wọ́n fi ń sọ àṣẹ tí àkọlé gbọ́dọ̀ gba inú rẹ̀ kọjá kó tó di orúkọ fáìlì. Ẹni tó kọ irinṣẹ́ náà ti ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀, èmi ni mò ń dá ògiri lu. Mo kọ `uconv -x any-nfd` sí i. Báyìí, "Ọjà kajú ti ṣí" á kọ́kọ́ tú palẹ̀, `tr` á gé àmì, `oja-kaju-ti-si` á jáde.

Mo fẹ́ mẹ́nu ba ti iná kí n tó dákẹ́, torí pé òun ló dùn mí jù lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ló rọrùn jù láti tún ṣe. Lálẹ́ ọjọ́ kan tí òjò ń rọ̀, mo ti kọ ọ̀rọ̀ tó tó 900 nípa bí ìyá wa àgbà ṣe ń sun kajú nínú ìkòkò fífọ́, wọ́n mú iná lọ. Ara mi balẹ̀. Vim máa ń kọ ẹ̀dà ìpamọ́ kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ fáìlì tí ẹ ń kọ, tí orúkọ rẹ̀ ń parí sí .swp, bí ẹ bá ti tẹ lẹ́tà 200, tàbí tí ẹ dákẹ́ fún ìṣẹ́jú àáyá 4, á kọ ọ́ sí dísìkì. Iná dé láàárọ̀, mo tan ẹ̀rọ, kò sí fáìlì, kò sí ẹ̀dà. Inú `/tmp`, fólídà ohun ìgbà díẹ̀, ni irinṣẹ́ náà ń kọ àkọsílẹ̀ tí kò tíì parí sí, Ubuntu mi sì máa ń gbá `/tmp` nígbàkigbà tó bá ń jí. Ẹ̀dà Vim wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ nínú `/tmp` kan náà. Bí ẹni tó tọ́jú kọ́kọ́rọ́ àpótí sínú àpótí ni.

Mo yí ibi àkọsílẹ̀ padà sí ilé mi nínú fáìlì ìṣètò, mo sì kọ `set directory=~/.vim/swp//` sínú `.vimrc`. Ẹ fi ọwọ́ ara yín dá fólídà yẹn, Vim ò ní bá yín dá a. Ọ̀rọ̀ ìyá àgbà náà, mo tún un kọ, kò dà bí ti àkọ́kọ́.

Ní ti ojúewé kajú méjì yẹn, mo fẹ́ pa `j-kaj-ti-` rẹ́ nígbà tí èyí tó ní orúkọ gidi ti jáde. Ẹ̀gbọ́n mi ní kí n má dán an wò, òun ti fi ránṣẹ́ sí gbogbo àwọn oníkajú lórí WhatsApp. Mo fi í sílẹ̀, mo kọ ìlà kan sí orí rẹ̀ tó ń júwe èyí tuntun. Títí di òní, èyí tó ń jẹ́ j-kaj ni wọ́n ń ṣí.